Archie Rí Òkúta Tiẹ̀, Àwọn Aláàárù Wa Ńkọ́?

Ní síríìsì karùn-ún Downton Abbey, eré tẹlifíṣọ̀n Ìlú Ọba, abúlé fẹ́ gbé òkúta ìrántí dúró fún àwọn ọmọ wọn tó bá ogun àgbáyé àkọ́kọ́ lọ, ni Mrs Patmore, kúùkù ilé ńlá yẹn, bá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ orúkọ Archie sí i, ọmọ tí ọmọ ìyá ẹ̀ bí. Wọ́n ní rárá o. Kì í ṣe Jámánì ló pa Archie, àwọn ọ̀gá ẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun ló ní kí wọ́n yìnbọn pa á, wọ́n ní ó sojo lójú ogun, wọ́n ní orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè bá ti àwọn tó kù dúró. Nígbà tó yá, Lọ́ọ̀dù Grantham tó ni ilé ní kí wọ́n ṣe òkúta kékeré kan fún un lọ́tọ̀, wọ́n fi mọ́ ara ògiri, inú gbogbo ilé dùn, bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Àwa ò gbà pé ó parí. Orúkọ ẹni tó kú sógun kì í ṣe sàárà tí olówó ń ṣe fún kúùkù ẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni, ìjọba tó kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sógun ló yẹ kó fún un, ibi tí wọ́n bá sì kọ ti àwọn yòókù sí ló yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ẹ má rò pé a ò fẹ́ràn eré yẹn o. Síríìsì kejì ẹ̀, tó jáde ní 2011, tó dá lé ogun àgbáyé àkọ́kọ́ láti 1916, a ò tíì rí èyí tó fi bí ogun ṣe ń wọ inú ilé hàn tó bẹ́ẹ̀: Lady Sybil, ọmọ Lọ́ọ̀dù, tí kì í dáná rí lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbọ̀ngán tí wọ́n ti ń jó di ibi tí àwọn ọ̀gá ológun tó fara gbọgbẹ́ ń sinmi. Kì í sì í ṣe àròsọ lásán, torí Highclere Castle ní Hampshire tí wọ́n ti ya eré náà, ilé ìwòsàn àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni lóòótọ́ ní 1914, Almina, ìyàwó Carnarvon tó nílé nígbà yẹn, ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo William, ọmọ àgbẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ fún wọn, òun àti Matthew tó máa jogún ilé ni bọ́ǹbù kan náà ṣe lọ́ṣẹ́. Wọ́n gbé Matthew wálé. William, wọ́n fi í sílẹ̀ ní Leeds, torí ọsibítù abúlé, àwọn ọ̀gá nìkan ló wà fún. Ìgbà tí ìyá tó bí Lọ́ọ̀dù tẹ àwọn èèyàn ńlá tó mọ̀ láago ni wọ́n tó gbé ọmọ náà wá kú sílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ohun tó tọ́ sí mẹ̀kúnnù, àfi kí ẹni ńlá kan ṣàánú ẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Eré náà mú kó dà bíi pé ó dáa bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ la ti yà kúrò lẹ́yìn ẹ̀.

Tórí nínú ayé gidi, àwọn Archie pọ̀. 306 ni àwọn sójà tó ń jà fún Ìlú Ọba tí wọ́n yìnbọn pa torí wọ́n ní wọ́n sojo, wọ́n sá tàbí wọ́n ṣe irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀, òpó igi 306 ló sì wà ní National Memorial Arboretum ní Staffordshire láti 2001, òpó kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọdún 2006 ni ìjọba Ìlú Ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí jì wọ́n nínú òfin, lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá àti ìyàwó wọn ti kú tìtìjú-tìtìjú, òfin náà sì tún sọ pé ìdáríjì yẹn ò pa ẹjọ́ tí wọ́n dá rẹ́. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n mọ orúkọ wọn.

Ibi tó dùn wá jù nìyí. Lọ́dún 1916 kan náà tí Matthew wà lójú ogun Somme ní ilẹ̀ Faransé nínú eré, ọkọ̀ òkun ń kó àwọn sójà Nàìjíríà ní Èkó lọ bá Jámánì jà ní ibi tó ń jẹ́ Tanzania lónìí. Ebi fojú wọn rí màbo ní etí odò Rufiji nígbà òjò 1917, wọ́n sì ja ìjà Mahiwa ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ìjà tó le gan-an. Wọn ò tíì sinmi délé tán ní 1918 tí wọ́n fi ní kí lára wọn lọ kojú àwọn Ẹ̀gbá tó ní àwọn ò san owó orí, ìyẹn ogun Adùbí. Àwọn sójà nìyẹn o. Ẹ̀yìn wọn làwọn aláàárù wà, àwọn tó ru ọta ìbọn àti ìrẹsì gba inú igbó torí mọ́tò ò lè débẹ̀, tí ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ibà sì pa lọ bí ẹní ń gbálẹ̀.

Àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn sójà, tó di Commonwealth War Graves Commission báyìí, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1917, ìlérí wọn sì ni pé bákan náà ni wọ́n máa ṣe ìrántí gbogbo ẹni tó kú, olówó àti tálákà. Ní oṣù kẹrin 2021 ni wọ́n fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé àwọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán èèyàn 116,000, ó sì lè tó 350,000, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí wọn ò tiẹ̀ rántí rárá. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe àwọn nìkan. Kì í sì í ṣe àṣìṣe. Lọ́dún 1923, Guggisberg tó jẹ́ gómìnà Gold Coast (Ghana lónìí) sọ fún wọn ní London pé ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ ò ní mọ ohun tí òkúta orí sàréè wà fún, kò sì ní mọyì ẹ̀. Ó ń sọ èyí nípa àwa tí à ń sin bàbá wa sínú ilé, tí à ń ki ẹni tó ti kú láti igba ọdún bíi pé ó jókòó síwájú wa!

Ẹ lọ wo ère ológun tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí Nairobi ní àwọn ọdún 1920. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé àwọn aláàárù ni ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ọmọ ogun, wọ́n ní bí o bá jà fún ilẹ̀ rẹ, bí o tilẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ máa rántí orúkọ rẹ. Orúkọ aláàárù kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Báwo lọmọ ṣe fẹ́ rántí?

Ó ṣeé ṣe o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ní oṣù kìíní 2025, wọ́n ṣí ìrántí kan ní Company's Garden ní Cape Town fún àwọn òṣìṣẹ́ ogun tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní South Africa, ó lé ní 1,700 èèyàn, igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe é, òpó kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹnì kan àti ọjọ́ tó kú. Àwọn èèyàn yẹn wà láìlórúkọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, inú ìwé àti fáìlì àtijọ́ ni wọ́n ti wá orúkọ wọn jáde.

Nítorí náà, ìjọba Ìlú Ọba tó tọrọ àforíjì nílé aṣòfin ní 2021 gbọ́dọ̀ máa fowó sí iṣẹ́ wíwá orúkọ yìí títí ó máa fi kan ti Nàìjíríà, kí wọ́n sì kéde ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ parí ẹ̀. Ìjọba tiwa náà ò gbọdọ̀ káwọ́ gbera, fáìlì ìgbà amúnisìn wà ní National Archives ní Ìbàdàn, kí wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ kí wọ́n yà á sórí kọ̀ǹpútà kí ikán tó jẹ ẹ́ tán, kí ẹni tó wà ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Peckham ní London lè wá bàbá bàbá ẹ̀ níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ẹbí tí mẹ́dàlì tàbí ìwé àgbà yín ṣì wà nínú àpótí, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ kọ orúkọ, ìlú àti agboolé sẹ́yìn ẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àjọ tó ń tọ́jú sàréè náà. Tí wọ́n bá wá fẹ́ kọ orúkọ wọ̀nyẹn, a ò fẹ́ òkúta ọ̀tọ̀ o, ara ògiri kan náà tí ti àwọn ọ̀gá wọn wà ni kí wọ́n kọ ọ́ sí.