Owó àtúnṣe ilé kì í ṣe ọ̀fẹ́

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń kiri lórí WhatsApp pé ìjọba àpapọ̀ ń pín owó àtúnṣe ilé lọ́fẹ̀ẹ́, kí á ṣáà san owó fọ́ọ̀mù sí àkáǹtì kan. Irọ́ ni.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni ẹ̀yáwó àtúnṣe ilé ti Federal Mortgage Bank of Nigeria, báńkì ìjọba tó ń yáni lówó ilé. Gbèsè ni, ẹ ó san án padà tèlétèlé. Àwọn tó ń dáwó sí National Housing Fund, àpò owó ilé tí òfin ọdún 1992 ń darí, ló wà fún, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni wọ́n ń dá. Ẹni tí kò dá kọ́bọ̀ rí, kí ló fẹ́ gbà níbẹ̀?

Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn tún ní kí ẹ kó gbogbo owó fún agbaṣẹ́ṣe lẹ́ẹ̀kan náà nítorí sìmẹ́ńtì ń wọ́n sí i. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹ fúnra yín ra sìmẹ́ńtì, kí ẹ ka àpò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ tún un kà nírọ̀lẹ́. Ní ti owó iṣẹ́, tí wọ́n bá rẹ́ ògiri tán, ẹ san ti ògiri. Bíríkìlà tèmi gba gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Láti Ọjọ́rú, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́.