Bí Mo Bá Kú, Ẹ Fi Ojú Mi Tọrẹ

Ewé àgbàdo ló gé ìyá àgbà mi lójú lóko. Wọ́n kán omi ọmú sí i, wọ́n kán omi ṣúgà. Kó tó pé oṣù kan, ojú náà ti funfun bí ojú ẹja tó jinná. Láti ìgbà náà títí wọ́n fi lọ, bí èèyàn bá jókòó sí apá òsì wọn, gbogbo orí ni wọ́n máa ń yí kí wọ́n tó rí i.

Awọ tín-ín-rín tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú ló bàjẹ́. Kò nípọn ju bí ìdajì mìlímítà lọ, wọ́n sì lè fi ti òkú pààrọ̀ rẹ̀. (Ti ẹni tí gílókómà, àrùn tó ń ba iṣan ẹ̀yìn ojú jẹ́, fọ́ lójú yàtọ̀ o.) Láti 1905 ni dókítà Eduard Zirm ti pààrọ̀ awọ yìí fún lébìrà kan ní ìlú Olomouc ní Yúróòpù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọmọ tó ṣì wà láàyè ló ti mú un, ọkùnrin náà sì ríran. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn nínú awọ náà, ìdí nìyẹn tí ara kì í fi í tètè kọ̀ ọ́ bó ṣe ń kọ kíndìnrín ẹlòmíràn.

Mo sọ fún màmá mi pé bí mo bá kú, kí wọ́n mú tèmi fún ẹni tó nílò rẹ̀. Wọ́n ní mi ò ní kú ṣojú àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ṣé o fẹ́ padà wá sáyé láìlójú ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá tó kú láìsí eyín kan lẹ́nu, tí a wá bí ọmọ tí a sọ ní Babátúndé, ṣé ọmọ náà kò hu eyín ni?

Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Sri Lanka náà gbà pé èèyàn ń tún ayé wá. Nítorí náà gan-an ni wọ́n fi ń fi ojú tọrẹ, kí oore náà lè gbè wọ́n. Nígbà tí ìyá dókítà Hudson Silva kú ní 1960, ojú ìyá rẹ̀ ló fi la ojú àgbẹ̀ kan tó jẹ́ tálákà. Ní 1964, ó kó ojú sínú fúláàsì oníyìnyín, ó fi ránṣẹ́ sí Singapore. Ilẹ̀ là ń fún ní tiwa jẹ, ó sì ń dùn mí.

Láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ikú ni wọ́n ń mú awọ ojú náà, kì í sì í ba ojú òkú jẹ́. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 gbà kí èèyàn kọ ìwé níwájú ẹlẹ́rìí méjì pé òun fi ẹ̀yà ara òun tọrẹ. Mo ti kọ tèmi.

Lánàá, màmá mi pè mí. Wọ́n ní, "Ojú arúgbó bíi tèmi yìí, ṣé ó ṣì wúlò fún wọn?"

Mo ní, "Ó wúlò, mà."