Òǹkọ̀wé, má dúró de ìgbà tí ìlú yóò rọgbọ

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ ìtàn àròsọ, tí ẹ tún ń fi owó ara yín tẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí a bá pàdé báyìí, ohun kan náà ni mò ń gbọ́: "Mo ti kọ ọ́ tán o, mo kàn ń dúró kí nǹkan rọlẹ̀ díẹ̀ ni." Ọdún wo gan-an ni yóò rọlẹ̀?

Ẹ kà á wò. Òpin oṣù kẹta 2020, kòrónà ti Èkó àti Ògùn pa. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ìwọ́de EndSARS. Oṣù kẹfà 2021, ìjọba fòfin de Twitter, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń polówó ìwé. Ó di oṣù kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ìbẹ̀rẹ̀ 2023, owó tuntun di ọ̀wọ́n, èèyàn lówó ní báńkì, kò rí igba náírà fi wọkọ̀. Ìyẹn ò tíì tán nílẹ̀ tí Ààrẹ Tinúbú fi kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ sí dọ́là. Ẹni tó bá ti ń retí ìdẹ̀ra láti 2020, inú kọ̀ǹpútà ni ìwé rẹ̀ ṣì wà dòní.

Mi ò ní ká ṣe bí ẹni pé kò le. Ó le. Iye tí atẹ̀wé bá pè fún ọ ní Ṣómólú lọ́jọ́ Ajé, bí o bá fi máa tu owó jọ dé ọjọ́ Ẹtì, á ní kí o gbàgbé iye yẹn. Kì í sì í ṣe ìkà ló ń ṣe. Òkè òkun ni bébà ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ sì ti fo 1,500 kọjá ní oṣù kejì 2024. Bẹ́ẹ̀ ìjọba kọ́ iléeṣẹ́ bébà sí Jẹ́bà, wọ́n kọ́ sí Oku-Iboku, wọ́n kọ́ sí Ìwópìn ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí. Bébà ìkọ̀wé àti ìtẹ̀wé gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ dá ti Ìwópìn sílẹ̀! Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ Ìwópìn sílẹ̀ o, kí n má baà bínú sùn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìdúró yìí ń ba ìtàn fúnra rẹ̀ jẹ́. Mò ń kọ ìtàn ìyá kan lọ́wọ́ báyìí, ó ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Lórí kìíní, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tíì tó 200 náírà ní iléepo NNPC. Kí orí kejì tó parí, ó ti di 488. Níbi tí ìtàn dé yìí, ó ti ń yọ́ lọ sí 1,000. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń bá mi ka iṣẹ́ ní kí n yọ gbogbo iye owó wọ̀nyẹn kúrò, kí ìwé má baà tètè gbó. Mo ní rárá. Nígbà tí epo rọjú, ẹ̀rọ ń dún láti àárọ̀. O gbé abọ́ dé, ìyá fa okùn, o ń lọ sílé. Nígbà tí epo wọ́n, kò tan ẹ̀rọ fún abọ́ kan mọ́. Ó dìgbà tí abọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá pé. Àwọn obìnrin wá ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì dúró de ara wọn, ata ẹni tó fi atalẹ̀ sí i ń kó bá ti ẹlòmíì, ìjà ń bẹ́, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni àṣírí ọkọ rẹ̀ ti tú. Bí n bá yọ iye epo kúrò, kí ló kó wọn jọ síbẹ̀?

Àwọn àgbà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Oṣù keje 1929, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde, Sẹ̀gilọlá, arúgbó aláìsàn tó ń ròyìn fàájì tó fi ìgbà èwe jẹ. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, àmọ́ àwọn òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni, wọ́n ń kọ̀wé ránṣẹ́. (Ẹ̀tàn díẹ̀ wà níbẹ̀, ká sọ òótọ́.) Ìparí ọdún yẹn náà ni ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, tí àwọn obìnrin Ábá àti agbègbè rẹ̀ sì dìde sí ìjọba òyìnbó lórí owó orí. Thomas kò ní òun ń dúró. Ó ń gbé e jáde títí wọ 1930, ó sì sọ ọ́ di ìwé lọ́dún yẹn. Òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

WhatsApp ni Akéde Èkó tèmi. Orí kan lọ́sẹ̀, owó oṣù kékeré, ẹ sanwó sí báńkì. Ẹ ó ní wọn á máa fi PDF ránṣẹ́ síra wọn. Wọn á ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba orí kọkànlá lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀dọ̀ mi náà ni yóò bá orí kejìlá wá. Ibi tó ti ń dùn mí ni pé ohun tí mo bá ti sọ lórí kẹta, mi ò lè padà lọ tún un ṣe mọ́. Àwọn ìtàn kan sì wà tí wọ́n nílò ọdún mẹ́wàá nínú àpótí. Irú ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ kó gbó. Ti ọ̀rọ̀ àkókò yìí, ẹ gbé e síta.

Orí tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, bí NẸ́PÀ bá gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì san ti oṣù tó kọjá, ẹ mọ ara yín o.