Ẹ má pè mí ní onítẹ́tẹ́ nítorí Zenyatta

Mo ti fẹ́ dákẹ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti Sátidé. A lọ sí pátì ọjọ́ìbí ẹnì kan níbí ní Los Angeles, fóònù mi wà lórí tábìlì, bí ìpè ṣe wọlé báyìí ni fọ́tò ẹṣin tó wà lójú ẹ̀ hàn, bùọ̀dá kan tó jókòó tì wá bá nawọ́ sí i, ó ní "Àǹtí, ẹṣin ta nìyí?" Mo ní Zenyatta ni, abo ẹṣin eré ìje kan. Bùọ̀dá bá pàtẹ́wọ́, ó ní "Háà! Àṣé ẹ̀yin náà ń ta tẹ́tẹ́!" Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ìyáàfin kan tí mi ò mọ̀ rí tún fi tiẹ̀ lé e, ó ní èèyàn ò rí fọ́tò ọmọ ẹ̀ fi sójú fóònù, ẹṣin òyìnbó ló rí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín nítorí mi ò fẹ́ ba ọjọ́ ọlọ́jọ́ jẹ́. Àmọ́ ó dùn mí wọ eegun.

Mi ò ta tẹ́tẹ́ rí láyé mi. Kọ́bọ̀ mi kan ò wọ ọ̀rọ̀ ẹṣin rí. Ta ló tiẹ̀ sọ pé ẹṣin di ti òyìnbó? Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá ti dúró ní Ojúde Ọba rí, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí oòrùn ń ta ganrínganrín, tí àwọn ìdílé balógun ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan wá kí Awùjalẹ̀, onítọ̀hún á mọ ohun tí mò ń sọ. Orí èjìká bàbá mi ni mo wà lọ́jọ́ tí ẹṣin pupa kan dúró síwájú wa, wọ́n ti wọ̀ ọ́ láṣọ, ó tẹ ọrùn, ó ń fi pátákò lu ilẹ̀ bí ẹni ń dá onílù lóhùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bàbá mi bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní "Má bẹ̀rù, kò bínú, ó ń yangàn ni." Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni títọ́jú arúgbó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é mọ bó ṣe rí. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá òyìnbó kan ní Arcadia, ìyàwó ẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e mọ́, orí kẹ̀kẹ́ ló ń jókòó, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kò bá mi sọ nǹkan kan ju omi àti oògùn lọ. Mo ti ń rò ó pé màá ní kí wọ́n gbé mi lọ síbòmíì. Ọdún 2009 nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó tan tẹlifíṣọ̀n, ẹṣin ni, mo fẹ́ kọjá lọ sí kíṣìnnì, ni mo rí abo ẹṣin dúdú gàgàrà kan tí wọ́n ń mú rìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ iwájú kan jáde gbọọrọ, ó gbé e lu ilẹ̀, ó na èkejì, ó tẹ ọrùn. Mo dúró. Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi ní Yorùbá pé "ó ń yangàn." Bàbá yíjú, ó ní kí ni mo sọ, mo bá túmọ̀ ẹ̀ fún un bí mo ṣe lè ṣe é, bàbá yìí rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí eyín ẹ̀ nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kọ́ mi. Ó ní wọ́n bí Zenyatta sí Kentucky ní 2004, nígbà tí wọ́n gbé e wá sọ́jà Keeneland ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àrùn ara kan ń yọ ọ́ lẹ́nu, awọ ẹ̀ ò dùn ún wò, àwọn olówó ń wò ó wọ́n ń kọjá, ìyẹn ni Jerry Moss àti Ann ìyàwó ẹ̀ ṣe rí i rà ní dọ́là 60,000 péré, owó tí kò tó nǹkan fún irú ẹṣin bẹ́ẹ̀. Ó ní John Shirreffs tó ń kọ́ ọ ní eré ò kánjú sí i, nítorí ó tóbi jù, eegun ẹ̀ ò tíì gbó, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń sáré láti ọmọ ọdún méjì, òun ò sáré àkọ́kọ́ àfi ìparí 2007. Bó ṣe ga tó, ẹ̀yìn ẹ̀ ga ju orí èmi lọ. Bàbá tún ní Shirreffs máa ń fún un ní Guinness mu. Guinness wa yìí o! Mo ní bàbá, ẹṣin yìí bá wa tan. A rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wa méjèèjì, mi ò tún ronú àtikúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ọjọ́ keje oṣù kọkànlá 2009 fún yín, nítorí ọjọ́ yẹn gan-an ni fọ́tò tó wà lójú fóònù mi.

Santa Anita, pápá tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré ìje, ò jìnnà sílé bàbá. Mo ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ wọlé láàárín èrò tí mi ò rí irú ẹ̀ rí àfi ní Ojúde Ọba. Breeders' Cup Classic, eré ìje ẹṣin ńlá kan, ni wọ́n fẹ́ sá, láti 1984 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò sí abo ẹṣin tó gbà á rí, àwọn akọ ló ń gbà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹṣin sínú géètì. Akọ ẹṣin kan, Quality Road, ní òun ò wọ̀ ọ́. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú, ńṣe ló ń ta ìpá, àfìgbà tí wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú eré. Gbogbo àkókò yẹn Zenyatta ń dúró. Bàbá ń mí gúlegúle, mo ní kó mu omi, kò dá mi lóhùn.

Géètì ṣí. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ẹṣin ló lọ, Zenyatta sì wà lẹ́yìn pátápátá! Kì í ṣe ẹ̀yìn díẹ̀ o, ẹ̀yìn tí èèyàn á fi rò pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á jẹ́ kí gbogbo ayé lọ ná. Àwọn àgbà wa ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, àbí? Èyí ò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n yí kọ́nà tó kẹ́yìn, Mike Smith tó gùn ún ṣì ń wá àyè láàárín wọn, ó wà nínú, ó wá yọ sóde, ojú ọ̀nà là fún un, abo ẹṣin yìí bá na ara. Ẹ ò rí i bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, ìṣísẹ̀ ẹ̀ kan á gba ibi tí àwọn yòókù ń gbà ní méjì lójú tèmi, ó kọjá èyí, ó kọjá tọ̀hún, ó kù Gio Ponti níwájú, ó kọjá òun náà kí ó tó dé òpin, Bàbá ti di ọrùn ọwọ́ mi mú débi pé ó bó, èmi ń pariwo ní Yorùbá, "Máa bọ̀ o! Máa bọ̀ ìyá mi!", ọkùnrin òyìnbó kan tí mi ò mọ̀ rí dì mọ́ mi, ìyàwó ẹ̀ dì mọ́ àwa méjèèjì, gbogbo wa ń sunkún. Ìgbà yẹn mi ò tíì pé ọdún kan nílùú yìí, kò sí ẹni tó tíì dì mọ́ mi láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù.

Bàbá ta dọ́là méjì sí i. Òun ni tẹ́tẹ́ tí ẹ̀ ń pariwo. Kò sì lọ gba owó ẹ̀! Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì sílé fún ìrántí. Èwo wá ni onítẹ́tẹ́ níbẹ̀?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á tún dé pẹ̀lú ariyanjiyan wọn, pé ilé ni Zenyatta ń jókòó sí ní California, pé orí ilẹ̀ àtọwọ́dá ló ń sá, pé Rachel Alexandra, abo ẹṣin mìíràn, ló fi ẹ̀yìn akọ ẹṣin balẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún yẹn, òun ni wọ́n fún ní oyè ẹṣin ọdún 2009. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Zenyatta lọ sí pápá Oaklawn ní Arkansas lẹ́ẹ̀mejì, orí iyẹ̀pẹ̀ gidi, ó gbà á lẹ́ẹ̀mejèèjì. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí Rachel, ẹṣin dáadáa ni, àmọ́ kì í ṣe òun ló mú bàbá yẹn sọ̀rọ̀.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Lẹ́yìn Classic yẹn, àwọn Moss ti ní ó tó, pé ó máa lọ sinmi. Nígbà tó di oṣù kìíní 2010 wọ́n yí i padà, wọ́n ní á sáré sí i. Ẹ wo ayọ̀! Èmi àti bàbá jó, mo tì í yípo pálọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó tún gba márùn-ún lé e, ó di 19, ẹyọ kan ò bọ́. Ni wọ́n bá ní Classic ti ọdún yẹn, ní pápá Churchill Downs ní Louisville, ló máa parí ẹ̀ sí, ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá. Nígbà tí mo gbọ́ Churchill Downs ni àyà mi já. Pápá yẹn náà ni Eight Belles ti sá Kentucky Derby ní 2008, abo ẹṣin ni òun náà, ó ṣe ipò kejì, bó ṣe kọjá òpin tán ló ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ méjèèjì kán, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ ikú. Bàbá ló sọ ọ́ fún mi, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

A wò ó nílé, ilẹ̀ ti ń ṣú ní Louisville, wọ́n ti tan iná. Zenyatta wà lẹ́yìn, àmọ́ ẹ̀yìn ti ọjọ́ yẹn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iyẹ̀pẹ̀ ń bà á lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, akọ ẹṣin kan tó ń jẹ́ Blame ló kù níwájú, ó kù díẹ̀, ó kù orí kan, òpin sì dé. Orí kan péré. Mike Smith sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó ní ẹ̀bi òun ni. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Mo fún un lóògùn alẹ́, mo pa iná, mo ti ń ti ilẹ̀kùn, ó wá ní "Ó yẹ ká ti jẹ́ kó sinmi lọ́dún tó kọjá." Mo rò ó lọ́nà pé kí ló dé tó fi ní "ká". Àwa ha la ni ín ni? Ó pé lẹ́sẹ̀, ó sàn ju Eight Belles lọ, kí la tún ń fẹ́?

Wọ́n fún un ní oyè ẹṣin ọdún ní January 2011, bàbá gbọ́ ọ, inú ẹ̀ dùn. Ó kú kí ọdún yẹn tó parí. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì nínú àpò ìwé kan, ti 2009 tí kò gba owó ẹ̀ àti ti 2010 tí kò ní owó kankan lórí. Mo ní wọn títí dòní.

Gbogbo èyí ni mò ń sọ nínú mọ́tò nígbà tí à ń bọ̀ láti pátì, mò ń bínú, mò ń sọ ọ́ sí ọmọ mi obìnrin létí, ó jẹ́ kí n sọ tán, ó wá ní "Mummy, mi ò bá wọn pè yín ní onítẹ́tẹ́ o. Àmọ́ ṣé ẹ rántí 2019?" Mo rántí. Santa Anita kan náà, ẹṣin tó kú níbẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ ju ogún lọ, àwọn èèyàn ń gbé páálí dúró lẹ́nu géètì, àwọn olùkọ́ ẹ̀ nílé ìwé ń sọ ọ́ nígbà yẹn. Mo ní wọ́n ti ṣe òfin sí i, wọ́n ti dín pàṣán kù, òfin ìjọba àpapọ̀ ti wọlé láti 2022, àwọn dókítà ń yẹ ẹsẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó sáré. Ó ní òun mọ̀. Ó ní "Tí Zenyatta bá ṣubú lọ́jọ́ Churchill Downs yẹn, ṣé fọ́tò ẹ̀ á ṣì wà lójú fóònù yín?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo kàn ń wa mọ́tò. A kọjá Inglewood, ibi tí pápá eré ẹṣin Hollywood Park wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ilé ẹṣin Zenyatta wà, wọ́n ti wó o, pápá ìṣeré SoFi ló wà níbẹ̀ báyìí, iná ẹ̀ tàn gbòò. Èmi gan-an ni mo jó lọ́jọ́ tí wọ́n ní kò ní sinmi mọ́. Bàbá jó, mo jó. Kò sí ẹni tó bi ẹṣin náà.

Láti ọjọ́ Sátidé, ọmọ mi ò tún bi mí mọ́. Mi ò tíì dá a lóhùn. Fọ́tò náà ṣì wà lójú fóònù.