Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn 504 yàtọ̀ síra

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa Peugeot 504 ní Kábà, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn 504 kan á wọ òmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ saloon, táyà kọ̀ọ̀kan ló ń dá lọ sókè sódò. Ti wágọ́ọ̀nù, irin gbọọrọ kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, torí náà ṣọ́ọ̀kì wọn ò bára mu.

Kẹ́ ẹ tó ra tuntun, ẹ tú ṣọ́ọ̀kì àtijọ́, ẹ fi téèpù wọn gígùn rẹ̀ bẹ́ ẹ bá fà á tán, àti bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ wo ibi tí bóòtù ti dè é mọ́ ọkọ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Èyí tó gùn jù á tẹ̀ wọlé dé òpin, á gbá ìdí nínú kòtò ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀.

Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ti wọlẹ̀, sípíríǹgì ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò: òun ló ń gbé ẹrù, ṣọ́ọ̀kì kàn ń dá ìjó rẹ̀ dúró ni.