Ọ̀gá tó jẹ́ kí n gbọ́ iṣẹ́ tó bàjẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó sùn. Ẹni tó bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń míìsì orin, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń pa ohùn olórin àti ti ohun èlò pọ̀ kó dọ́gba, láyé ìsinsìnyí, ẹ̀kọ́ kọ́ ló wọ́n ọn. Fídíò wà lọ súà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ọ̀gá tó máa jókòó tì ọ́, tó máa ṣí iṣẹ́ tóun fúnra rẹ̀ bà jẹ́, tó máa ní, "Gbọ́ ibi tí mo ti ṣìṣe."

Mo ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọn ò fẹ́ ariwo. Èyí tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti tó wọn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ mi lọ bá wọn, orin ọ̀hún ní tíráàkì 42, ìyẹn ohùn méjìlélógójì tí wọ́n gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ìkankan tí mi ò fi EQ (tó ń gbé ohùn tó nípọn tàbí tó tín-ín-rín sókè tàbí sílẹ̀) àti compressor (tó ń tẹ ohùn tó bá ròkè jù wálẹ̀) sí, títí kan èyí tó ti dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, wọn ò bú mi, wọn ò yìn mí. Wọ́n ní, "Yọ gbogbo rẹ̀." Mo rò pé àwàdà ni. Nígbà tí mo yọ ọ́ tán, wọ́n fa gbogbo fader, ohun tí à ń fà láti gbé ohùn sókè tàbí sílẹ̀, wálẹ̀, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gbé ohùn olórin sókè, kí n wá máa mú àwọn yòókù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, fader àti pan (tó ń darí ohùn sápá òsì tàbí ọ̀tún) nìkan ni kí n fọwọ́ kàn. Ogún ìṣẹ́jú la lò. Orin tí mo ti fi odindi ọjọ́ mẹ́rin fún lọ́rùn bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ká sòótọ́, inú bí mi.

Wọ́n tún máa ń yí sípíkà wálẹ̀ débi tí èèyàn méjì lè máa sọ̀rọ̀ lórí orin náà láìgbóhùn sókè. Mo rò pé wọ́n ń ṣọ́ra fún aládùúgbò ni. Àṣé ọ̀rọ̀ etí ni. Ní 1933, Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé etí wa kì í gbọ́ ohùn tó nípọn àti ohùn tó tín-ín-rín bákan náà. Bí orin bá lọ sílẹ̀, báàsì ló kọ́kọ́ ń sá mọ́ etí lọ́wọ́. Bí orin bá ròkè, báàsì á kún padà. Ẹni tó bá ń fi ariwo míìsì á rò pé báàsì òun ti tó, ìgbà tí ẹlòmíì bá ń gbọ́ ọ lóhùn jẹ́jẹ́ ni àṣírí máa tú.

Lọ́jọ́ kan mo ṣe EQ sórí gìtá, mo ní ó ti dùn sí i. Ọ̀gá wo mítà, wọ́n rí i pé EQ mi ti fi dB méjì (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó) gbé gìtá náà sókè. Wọ́n yọ dB méjì yẹn, wọ́n ní kí n dijú, wọ́n ń tàn án, wọ́n ń pa á. Mi ò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Wọ́n ní, "O ò fẹ́ràn EQ yìí o. Ariwo lo fẹ́ràn."

Ṣùgbọ́n ìlù snare ló jẹ mí níyà jù. Máìkì méjì ni wọ́n fi gba ohùn rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lábẹ́. Ó ń dún bíi páálí, kò ní ara rárá. Mo fi EQ gbé 200 Hz, ibi tí ohùn ti nípọn, sókè títí, kò gbọ́. Ọ̀gá wá naga sí bọ́tìnì kékeré kan lórí tíráàkì ti ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n ya òdo sí tí ìlà dá a láàárín, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Gbì! Ara dé. Bí igi bá ba awọ òkè, awọ náà ń sá kúrò lọ́dọ̀ máìkì òkè, nígbà tí awọ ìsàlẹ̀ ń bọ̀ wá bá máìkì tirẹ̀. Ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀, bí a bá pa wọ́n pọ̀, wọ́n á máa pa ara wọn jẹ. EQ kankan ò lè jí òkú yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wá bọ́tìnì kan.

Mo wá ní, ẹ̀yin náà ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣí iṣẹ́ àtijọ́ kan. Wọ́n ti da gìtá kan sí méjì, wọ́n fi ọ̀kan sápá òsì, èkejì sápá ọ̀tún, wọ́n wá fi mílísẹ́kọ́ńdì díẹ̀ dá ti ọ̀tún dúró kó lè fẹ̀. Ó fẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n tẹ mono, bọ́tìnì tó ń pa òsì àti ọ̀tún pọ̀ di ohùn kan. Gìtá di ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú páìpù. Wọn ò tẹ mono nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni orin náà ṣe jáde. Olórin fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n. Wọn ò pa fáìlì yẹn rẹ́, gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ń ṣí i fún.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kan ń sọ pé wọ́n ń tú àṣírí iṣẹ́. Ọ̀gá ní, "Mo lè fún un ní gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, ṣé mo lè yọ etí mi fún un ni?" Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta preset, ìyẹn nọ́ńbà EQ àti compressor tí wọ́n ti tò sílẹ̀, fún wa, ohùn olórin ta ni wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó ṣe é?

Ibi kan wà tí a ò ti fẹnu kò: wọn ò fẹ́ fi headphone míìsì rárá. Èmi ò ní yàrá tó gba sípíkà ńlá, nítorí náà mò ń lò ó lọ, mo kàn ń ṣe bí ẹni pé mi ò lò ó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi orin kan ránṣẹ́ sí wọn. Mo ti gbọ́ ọ lórí sípíkà, lórí fóònù, nínú mọ́tò. Mo dá ara mi lójú. Èsì tó wọlé ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: "Hi-hat, dB kan."

Mo fa hi-hat, àwo méjì tó ń lu ara wọn lára ìlù, wálẹ̀ ní dB kan. Ó dùn mí pé òótọ́ ni.