Irọ́ ni pé owó ti dí akéwì ìjọba lẹ́nu

Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fi iyọ̀ bọ ara ẹja àrọ̀ kí ó má baà máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà níléèwé girama sì jókòó tì í lórí àpótí. Ọmọ náà mọ ewì í ké gan-an. Ó ní tíṣà àwọn sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí wọ́n máa ń yan akéwì kan fún gbogbo ìlú, pé bí Nàìjíríà bá máa yan tiwọn lọ́jọ́ kan, òun á fẹ́ kó jẹ́ òun. Ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Kí o máa yin gómìnà kí wọ́n tó fún ẹ lówó ọbẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀. Láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìkòròdú, ẹni tí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ohun kan náà ló máa sọ: akéwì tí ìjọba bá ti yàn, wọ́n ti fi owó dí i lẹ́nu nìyẹn. Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ta ni kò tíì dé ibi ìnáwó tí akéwì ti ń ki olówó, tí oríkì sì ń rọlẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń náwó ṣe ń rọlẹ̀? Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́ akéwì orílẹ̀-èdè, ó sì ń dùn mí pé irú ọ̀rọ̀ yìí la fi ń pa ọmọ tó lẹ́bùn lẹ́nu mọ́.

Ó ti jẹ́ òótọ́ rí ṣá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Dryden ni wọ́n kọ́kọ́ fi joyè akéwì orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń pè ní Poet Laureate, lọ́dún 1668. Nígbà tí wọ́n lé ọba tó wà lórí ìtẹ́ kúrò ní 1688, Dryden kọ̀, kò búra fún ọba tuntun, wọ́n sì gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ fi ń kọ ewì ọjọ́ ìbí ọba àti ti ọdún tuntun, tí àwọn olórin ààfin á fi kọrin. Bó bá jẹ́ ayé ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ, mi ò ní bá a jiyàn.

Àṣà yẹn ti kú tipẹ́. Ní 1843, nígbà tí wọ́n fi oyè náà lọ akéwì William Wordsworth, ẹni ọdún 73, ó ní òun ti dàgbà kọjá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Olórí ìjọba, Robert Peel, fi dá a lójú pé ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà náà ló tó gbà. Títí di òní, kò sí òfin tó ní kí akéwì náà kọ ewì kankan fún ọba.

Owó ńkọ́? Pọ́n-ùn 5,750 lọ́dún ni, pẹ̀lú ìgò wáìnì sherry tó tó 600 gẹ́gẹ́ bí àṣà àtijọ́. Ta ló lè fi pọ́n-ùn yẹn jẹun ọdún kan ní Lọ́ńdọ̀nù? Carol Ann Duffy, obìnrin àkọ́kọ́ tó joyè náà, ní 2009, fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀bùn fún àwọn akéwì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ewì tó kọ́kọ́ gbé jáde lórí oyè yẹn, àwọn òṣèlú ló dojú rẹ̀ kọ, lásìkò tí àṣírí tú pé àwọn aṣòfin ń náwó ìlú ní ìnákúnàá. Nígbà tí wọ́n fi oyè náà lọ akéwì Philip Larkin ní 1984, kò tiẹ̀ gbà á, Ted Hughes ni wọ́n wá fi jẹ ẹ́.

Àwọn mìíràn ní ọ̀rẹ́ ààrẹ ni wọ́n máa ń yàn. Ní Amẹ́ríkà, olórí ilé ìkàwé ńlá ti ilé aṣòfin wọn ló ń yàn án, ọwọ́ ààrẹ ò sí níbẹ̀. Dọ́là 35,000 tí wọ́n ń fún un lọ́dún, inú owó tí ọlọ́rọ̀ kan, Archer Huntington, fi tọrẹ láyé ọjọ́un ló ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Amanda Gorman tó kéwì níbi ìbúra Biden ní 2021 ni akéwì orílẹ̀-èdè. Joy Harjo ló wà lórí oyè nígbà náà. Oyè àwọn ọ̀dọ́ ni Gorman ti jẹ ní 2017. Gúúsù Áfíríkà náà ní tiwọn: Mazisi Kunene tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ní 2005, èdè Súlù ló fi ń kọ ewì rẹ̀. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe yẹ àwa tó ń fi Yorùbá kéwì tó!

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwa gan-an la ni òwe pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀fẹ̀ a máa fi orin bá ọba àti ìjòyè wí lójú gbogbo ayé. Mo ti rí akéwì kan rí ní ṣíṣílé ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ó ki bàbá olóṣèlú kan débi oríkì ìyá rẹ̀, ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kòtò iwájú ọjà ń kí yín o, Bàbá." Àwọn ìyá ọlọ́jà ló kọ́kọ́ hó. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún náwó sí i.

 

Nígbà tí mo padà lọ sí Olúwo, ìtàn Andrew Motion, akéwì orílẹ̀-èdè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ayé Tony Blair, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi í joyè fún ọdún mẹ́wàá, ní 1999. Nígbà tí Blair ń múra àtibá Amẹ́ríkà lọ jagun ní Ìráàkì, ní oṣù kìíní 2003, Motion kọ ewì kékeré kan tí kò ju ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ lọ, ó gbé e jáde fún gbogbo ayé kà. Nínú ohun tó kà sílẹ̀ pé ó ń fa ogun náà, owó wà níbẹ̀, epo rọ̀bì wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dá ọ̀bẹ dúró lórí ẹja. "Wọn ò sì lé e?"

"Wọn ò lé e. Ó lo ọdún mẹ́wàá rẹ̀ pé."

Ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ké èyí tó o kọ lánàá yẹn kí n gbọ́."